Kí Aṣòfin Pẹ́, Kí Àga Abẹnugan Má Pẹ́ Lọ́wọ́ Ẹnì Kan

Oṣù Kẹfà ọdún 2027 ni sáà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó wà ní Agodi báyìí máa parí. Bí nǹkan bá lọ bó ṣe ń lọ, ìgbà náà ni Adébọ̀ Ògúndoyin máa pé ọdún mẹ́jọ lórí àga abẹnugan. Ìdìbò tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹfà 2018, lẹ́yìn ikú Michael Adéyẹmọ tó jẹ́ abẹnugan nígbà náà, ló gbé e wọlé láti Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá. Ọdún kan péré lẹ́yìn ìyẹn, ó di abẹnugan, ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ní 2023, wọ́n tún yàn án. Ní ìpínlẹ̀ tí ènìyàn mẹ́ta ti jókòó sórí àga yẹn láàárín 2011 sí 2019, ìyẹn Monsurat Sunmonu, Adéyẹmọ àti Ọlágúnjú Òjó, ọdún mẹ́jọ kì í ṣe kékeré. N kò sọ èyí láti bu ẹnikẹ́ni kù. Mo sọ ọ́ nítorí pé ohun méjì wà tí a máa ń dà pọ̀ mọ́ra: kí aṣòfin pẹ́ nílé ìgbìmọ̀, àti kí ẹnì kan pẹ́ lórí àga tó ń darí ilé ìgbìmọ̀. Lójú tèmi, ti àkọ́kọ́ dára fún ìlú, a kò tiẹ̀ ní in tó. Ìkejì ló léwu, ó sì yẹ kí á fi òfin dé e.

Ẹ jẹ́ kí á fi Jẹ́ríkò níbí n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀. Owó àtúnṣe rẹ̀ àti owó oṣù àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ wà nínú ìwé ètò ìṣúná tí gómìnà ń gbé lọ sí Agodi lọ́dọọdún. Ilẹ̀ tí ìjọba àwọn òyìnbó yà sọ́tọ̀ fún ilé àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ti ń di hòtẹ́ẹ̀lì, iléèwé aládàáni àti ọ́fíìsì, òfin ìpínlẹ̀ ló sì yẹ kó sọ ibi tí ìyẹn máa dúró sí. Aṣòfin tuntun tí wọ́n gbé ìwé ìṣúná fún ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbúra, nọ́ńbà lásán ló máa rí. Ẹni tó ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó lórí ìṣúná fún sáà méjì ló lè fi ìka tọ́ ìlà kan, kó ní: "Kọmíṣọ́nnà, iṣẹ́ yìí kan náà lẹ gba owó rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ gbà á lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀. Kí lẹ fi owó ọ̀hún ṣe?" Ẹni tó bá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí owó àkọ́kọ́ nìkan ló lè bèèrè bẹ́ẹ̀. Kọmíṣọ́nnà ń lọ, akọ̀wé àgbà ń fẹ̀yìn tì, gómìnà kò lè kọjá ọdún mẹ́jọ. Bí aṣòfin náà bá tún ń yí padà lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin, ta ni yóò rántí?

Bẹ́ẹ̀, àwa kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́. AD gba Ọ̀yọ́ ní 1999, PDP gbà á lọ́wọ́ wọn ní 2003, ACN wọlé ní 2011, PDP tún padà dé ní 2019. Gbogbo ìgbà tí ìjọba bá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, àwọn aṣòfin rẹ̀, ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tó sùn, ló ń bá a lọ. Ohun tó ń ti ibẹ̀ wá ni pé bàbá ìsàlẹ̀ tàbí gómìnà ni aṣòfin ń wojú, torí ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun kọ́ ló máa dá òun padà. Ìbàdàn ti rí i rí. Ní oṣù Kejìlá 2005, nígbà tí ìjà gómìnà Ráṣídì Ládọjà àti bàbá ìsàlẹ̀ òṣèlú, Lámídì Adédibú, gbóná, aṣòfin méjìdínlógún nínú méjìlélọ́gbọ̀n lọ jókòó ní hòtẹ́ẹ̀lì D'Rovans ní Ring Road, wọ́n ní ilé ìgbìmọ̀ nìyẹn. Ní oṣù Kìíní 2006, wọ́n kéde pé àwọn ti yọ gómìnà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ìwé òfin béèrè, nínú méjìlélọ́gbọ̀n, ìyẹn kò lè dín ní méjìlélógún. Abẹnugan, Adéolú Adélékè, kò bá wọn lọ. Òun wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ọjọ́ keje oṣù Kejìlá 2006 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi òǹtẹ̀ lu ìdájọ́ tó dá Ládọjà, Olúbàdàn òní, padà sípò. Nǹkan bí oṣù mọ́kànlá ti bá a lọ.

Àwọn kan á ní ká kúkú fi gbèdéke sí iye ọdún tí gbogbo aṣòfin lè lò. California dán an wò ní 1990: ọdún mẹ́fà nílé kékeré, ọdún mẹ́jọ nílé àgbà, ó tán. Kí aṣòfin tó mọ ìdí iṣẹ́, ó ti ń wá ipò míì. Agbára bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ àti àwọn tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń san owó fún láti wá rọ aṣòfin. Ní 2012, àwọn olùdìbò yí i padà: aṣòfin lè lo ọdún méjìlá gbáko, ì báà jẹ́ nílé kan ṣoṣo.

Èkó ló fi ibi tí ewu wà gan-an hàn wá. Mudashiru Ọbasá wọ ilé ìgbìmọ̀ láti Agége ní 2007, ó ti ṣe káńsẹ́lọ̀ ṣáájú ìyẹn, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n sì ti dìbò yàn án. Kò sí ẹni tó lè ní kò mọ iṣẹ́. Ní 2015 ó di abẹnugan. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2025, nígbà tó wà ní Amẹ́ríkà, àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ọ́, wọ́n fi Mojisọ́lá Méràndà rọ́pò rẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ lórí àga yẹn l'Ékòó. Ìdààmú ńlá ló tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, lẹ́yìn tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ APC dá sí i, Méràndà fipò sílẹ̀, Ọbasá padà. Ilé ẹjọ́ gíga tún wá sọ lẹ́yìn náà pé yíyọ náà kò bófin mu. Ẹ kíyè sí i: kò sẹ́ni tó ní kó má ṣe aṣòfin Agége mọ́. Àga ni wọ́n ń jà lé. Abẹnugan ló ń sọ ẹni tó máa ṣe alága ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, òun ló ń sọ àbá òfin tó máa dé iwájú ilé. Bí irú agbára bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ kan fún ọdún mẹ́wàá, ọ̀nà tí ẹlòmíì fi máa gòkè á dí, kò sì sí bí onípò ṣe máa kúrò láìsí ogun.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà. Michael Madigan wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Illinois ní 1971, ó di abẹnugan ní 1983, àfi ọdún méjì láàárín, kò kúrò lórí àga títí di 2021. Kò tíì sí aṣáájú ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kankan ní Amẹ́ríkà tó pẹ́ tó o. Ní 2025, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ìwà ìbàjẹ́, ó rí ẹ̀wọ̀n ọdún méje ààbọ̀ he. Ohun tí àwọn aṣòfin Illinois ṣe nígbà tó kúrò ló yẹ ká wò: wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà ilé wọn pé abẹnugan kò gbọdọ̀ kọjá ọdún mẹ́wàá. Wọn kò fi gbèdéke kankan sí ìjókòó aṣòfin lásán.

Ẹni tó bá ní àwọn aṣòfin ló ni àga, kí wọ́n fún ẹni tó wù wọ́n, kó rántí pé gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń yan gómìnà, ìwé òfin sì dá a dúró síbi sáà méjì. Àtakò tó wúwo ju ìyẹn ni pé abẹnugan tó ń múra àtilọ kò ní lè kojú gómìnà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ abẹnugan di aláìlágbára ni owó tí ó ń tọrọ lọ́wọ́ gómìnà, àtúnṣe ìwé òfin ti 2018 sì ti ní kí owó ilé ìgbìmọ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé ìgbìmọ̀. Ẹ̀rí míì wà. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ ikọ̀ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn n'Íbàdàn ní oṣù Kìíní 2020, ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ti ṣe òfin rẹ̀ kí oṣù Kẹta tó parí. Ògúndoyin kò tíì pé ọdún kan lórí àga nígbà yẹn. Abẹnugan tuntun tó ní àwọn aṣòfin tó mọ iṣẹ́ lẹ́yìn kò rọrùn láti tì ṣubú, pàápàá bí abẹnugan àná bá wà lára àwọn tó jókòó níbẹ̀.

Mo bẹ ẹ̀yin aṣòfin tó wà ní Agodi: ìwé òfin fún yín láṣẹ láti ṣètò ìlànà ilé yín fúnra yín. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kí sáà yìí tó parí pé kò sí abẹnugan tó gbọdọ̀ kọjá ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀yin ará Jẹ́ríkò, Dùgbẹ̀ àti Ẹlẹ́yẹlé, bí àwọn olùdíje bá tọ̀ yín wá, ẹ má jẹ́ kó parí sí ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe máa dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí aṣòfin yín bá sì ti ṣiṣẹ́, ẹ má wo àsíá ẹgbẹ́, ẹ dá a padà.