Olóhùn Tí A Kò Dárúkọ Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n òdodo ni. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ ẹlòmíràn gba ìyìn, tí kò sì jẹ́ kí ayé mọ ẹni tí ó ṣe é, jẹ oníṣẹ́ náà ní gbèsè, ìbáà ti san owó iṣẹ́ fún un. Irú gbèsè bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn sinimá kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé, èyí tí a ń pè ní My Fair Lady.

George Bernard Shaw, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ni ó kọ́kọ́ fi ìtàn náà ṣe eré oníṣe, tí ó pè ní Pygmalion. Ìlú Vienna ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1913; ní ọdún kejì ni ó dé Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn ikú Shaw, Alan Jay Lerner àti Frederick Loewe sọ ọ́ di eré olórin: Lerner kọ ọ̀rọ̀, Loewe sì ṣe orin. Oṣù Kẹta ọdún 1956 ni eré náà bẹ̀rẹ̀ ní Broadway, àdúgbò àwọn ilé eré ńlá ní New York, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ọdún 1962, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é ní ìgbà 2,717. Rex Harrison ni ó kọ́kọ́ ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n Higgins níbẹ̀, Julie Andrews sì ṣe Eliza.

Ọmọ tálákà tí ń ta òdòdó ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù ni Eliza. Bí ó bá ti la ẹnu, àwọn ọlọ́lá ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Higgins, ẹni tí ó mọ ìró èdè dunjú, bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Pickering, ta tẹ́tẹ́ pé láàárín oṣù mẹ́fà òun yóò kọ́ ọmọbìnrin náà ní ọ̀rọ̀ sísọ títí ayé yóò fi pè é ní ọmọ ọlọ́lá. Eliza kọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Ó lọ sí òde ijó àwọn ènìyàn ńlá, ẹnikẹ́ni kò sì dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà délé, Pickering ń ki Higgins, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń ki Higgins. Eliza dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sí ẹni tí ó kí i kú iṣẹ́. Inú bí i, kò sì sí olóye ènìyàn tí yóò wo eré náà tí kò ní gbè sí i lẹ́yìn.

Nísinsin yìí, ẹ wo ohun tí àwọn tí ó fi ìtàn yìí ṣe sinimá ṣe. Jack Warner, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Warner Bros., san dọ́là 5,500,000 kí ó tó gba àṣẹ láti lo eré náà. Nítorí owó gọbọi yìí, òṣèré tí ojú rẹ̀ ti di mímọ̀ níbi gbogbo ni ó ń fẹ́. Ó fi Julie Andrews sílẹ̀, ó sì mú Audrey Hepburn. Hepburn kọ́ àwọn orin náà, ó sì kọ wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ní ohùn rẹ̀ kò kúnjú ìwọ̀n. Wọ́n wá pe Marni Nixon, akọrin ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun ni ó sì kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú orin Eliza. Ẹnu Hepburn ni ojú ń rí. Ohùn Nixon ni etí ń gbọ́. Nígbà tí sinimá náà jáde ní ọdún 1964, wọn kò kọ orúkọ Nixon sí i rárá.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Nixon ni ó kọrin fún Deborah Kerr nínú The King and I ní ọdún 1956, àti fún Natalie Wood nínú West Side Story ní ọdún 1961. Nínú méjèèjì, wọn kò dárúkọ rẹ̀. Leonard Bernstein, ẹni tí ó ṣe orin West Side Story, nìkan ni ó ṣe bí ọmọlúwàbí: ó yọ díẹ̀ fún Nixon nínú owó tí ó jẹ́ tirẹ̀ lórí àwo orin náà.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀tàn ni gbogbo sinimá, àti pé a kì í tú àṣírí ẹ̀tàn tí ó dùn. Wọ́n á ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù tí a rí nínú My Fair Lady pàápàá, inú ilé iṣẹ́ Warner ní California ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwíjàre yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Cecil Beaton tí ó yàwòrán àwọn aṣọ, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀; André Previn tí ó darí orin, wọ́n kọ orúkọ tirẹ̀ pẹ̀lú; àwọn méjèèjì sì gba ẹ̀bùn Oscar. Èyí kò ba adùn eré náà jẹ́ rárá. Bí a bá lè dárúkọ ẹni tí ó darí orin, kí ni ó dé tí a kò lè dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́? Kò sí ẹ̀bi nínú pé ènìyàn méjì para pọ̀ ṣe iṣẹ́ kan, nítorí àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Fífi ọwọ́ kejì pamọ́ ni ẹ̀bi.

Ìpamọ́ náà kò sì ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Àṣírí kò pẹ́ tú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1965, sinimá náà gba ẹ̀bùn Oscar 8, ṣùgbọ́n orúkọ Hepburn kò tilẹ̀ sí lára àwọn tí a yàn láti du ẹ̀bùn òṣèrébìnrin. Julie Andrews tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ ni ó gba ẹ̀bùn náà, nítorí ipa tí ó kó nínú Mary Poppins. Hepburn ṣiṣẹ́ kára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ ẹlòmíràn kún tirẹ̀ níkọ̀kọ̀, wọ́n mú kí àwọn ènìyàn ṣe iyèméjì nípa èyí tí ó ṣe fúnra rẹ̀. Ẹni tí a fún ní ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀, a ti fi ìyìn tirẹ̀ wewu.

Marni Nixon kú ní ọdún 2016. Lónìí, ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ sinimá yìí kì í ṣàì dárúkọ rẹ̀, nítorí bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo tí wọn ì bá kọ ní ọdún 1964 ì bá ti tó. Ó yẹ kí olúkúlùkù tí a bá bá ṣiṣẹ́ pọ̀, ìbáà ṣe nínú eré, nínú ẹ̀kọ́ tàbí nínú oko, gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì wà láyé láti gbọ́ ọ. Yinni yinni, kí ẹni ó lè ṣe mìíràn.