Ẹ Jẹ́ Ká Ṣírò Owó Kí A Tó Yá A

 Ọ̀rọ̀ owó yíyá ló wà nílẹ̀ lónìí, nítorí ó ti ń da àárín wa rú. Láìpẹ́ yìí, ìyá kan láàárín wa palẹ̀ ẹrù mọ́ lóru, ó gba ọ̀nà ilé lọ. Gbèsè ló lé e. Àwọn obìnrin mẹ́rin tí wọ́n jọ fọwọ́ síwèé lọ́dọ̀ ayánilówó kan tí a kò ní dárúkọ ló ń san owó rẹ̀ títí dòní. Méjì nínú wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Kì í ṣe pé owó yíyá burú. Ní 1993, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Robert King àti Ross Levine, tẹ ìwádìí kan jáde lórí orílẹ̀-èdè 80, láti 1960 dé 1989. Wọ́n rí i pé ibi tí báńkì bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí ó ń yá àwọn oníṣòwò lówó dáadáa, ni ọrọ̀ ajé ti ń yára dàgbà ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Owó tó sùn sínú àpótí kò lè bímọ.

Ṣùgbọ́n báńkì ńlá kì í sábà yá irú wa lówó. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Soludo wà ní Báńkì Àpapọ̀, ó ní kí owó ìdúró báńkì kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, kó di bílíọ̀nù 25. Báńkì 89 di 25 nígbà tí 2005 fi parí. Ní 2024, Báńkì Àpapọ̀ tún pàṣẹ kí iye náà lọ sókè. Báńkì tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ata ní ṣọ́ọ̀bù àyágbé kò ní ìwé ilé tí yóò fi dúró. Láti ìgbà tí ọjà ńlá Jos ti jóná ní 2002, àwọn kan nínú wa kò tíì padà sí ipò wọn. Ìdí nìyí tí a fi ń sáré tọ àwọn tó ń gbowó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ.

Lórí irú ìyẹn ni Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 2019, ṣe ìwádìí pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú Hyderabad, ní Íńdíà. Wọ́n mú àdúgbò 104, wọ́n pín wọn sí méjì bí ẹni ṣẹ́ ìbò. Ayánilówó kọ́kọ́ wọ ìdajì, ìdajì yòókù dúró. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àwọn tó ti ní òwò lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ fi owó náà mú òwò wọn gbòòrò. Ṣùgbọ́n bí a bá pa gbogbo ilé pọ̀, ìnáwó ilé kò pọ̀ sí i, ẹ̀kọ́ ọmọ kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni agbára obìnrin nínú ilé. Ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh, tí Hyderabad jẹ́ olú ìlú rẹ̀ nígbà náà, ìjọba gbé òfin jáde ní oṣù kẹwàá 2010 láti ká àwọn ayánilówó lọ́wọ́ kò, lẹ́yìn ìròyìn pé àwọn onígbèsè kan ń pa ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní a yá 100,000 náírà, tí a ń san 5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 120,000. Wọ́n á ní èlé rẹ̀ kò ju 20 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ kìíní la ti ń dá owó padà. Bí a bá wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, owó tó wà lọ́wọ́ wa gan-an kò ju nǹkan bí ìdajì 100,000 lọ. Lórí ìdajì yẹn la fi san 20,000, láàárín oṣù mẹ́fà péré. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá, kó yá a. Ẹni tó fẹ́ fi san owó ilé ìwé tàbí kó fi ṣòkú, kó má dán an wò.

Èsúsú ni àwọn bàbá wa gbé wá síbí, èyí tí William Bascom, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lé lórí ní 1952. Kò ní èlé. Àléébù rẹ̀ ni pé ìṣòro lè dé kó tó kàn ọ́. Àbá wa ni pé kí a sọ ọ́ di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ síwèé kí owó tó jáde, kí a sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo ìpàdé. Àwọn kan yóò rán wa létí owó èsúsú tó sọnù rí lọ́wọ́ àwa olórí. Òótọ́ ni, a kò sì ní jiyàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹnì kankan má dá owó dì mú mọ́.

Ìyá tó sá lọ yẹn, ará wa ni. A ti ránṣẹ́ sí i pé kó padà wá. Ẹ wá sí ìpàdé, ká jọ mọ bí a ó ṣe gba àwọn mẹ́rin tó kù sílẹ̀. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.