Ìwọ̀n Ẹrù ni Ìwọ̀n Sípíríǹgì

Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá di ogbó, ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí ni ọ̀dà rẹ̀ tí ó ṣí àti àga rẹ̀ tí ó ya. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà kan wà nísàlẹ̀ tí ogbó wọn léwu ju ìwọ̀nyí lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni sípíríǹgì, èyíinì ni irin tí a lọ́ ní òrùka-òrùka, tí ó gbé ara ọkọ̀ ró.

Bí sípíríǹgì ẹ̀yìn bá ti rẹ̀, ìdí ọkọ̀ a wálẹ̀. Bí ó bá kó sí kòtò, irin a máa kan irin. Imú rẹ̀ a gbé sókè, fìtílà rẹ̀ a sì máa tàn sójú ẹni tí ń bọ̀ lóru. Kò sí àní-àní pé ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀. Irú èyí tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ ni àríyànjiyàn wà lé lórí.

Àwọn awakọ̀ kan gbà pé èyí tí ó nípọn jù ni ó dára jù, nítorí pé ọ̀nà wa kò dán, ẹrù wa sì pọ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí sípíríǹgì bá le jù, táyà a máa ta sókè dípò kí ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Bùréèkì kò sì lè fi táyà tí kò kan ilẹ̀ dá ọkọ̀ dúró. Ìyàtọ̀ tí ó kéré lójú lè tóbi lẹ́nu iṣẹ́. Bí irin tí a lọ́ bá fi mìlímítà 11 nípọn dípò 10, tí ohun gbogbo yòókù sì dọ́gba, líle rẹ̀ yóò fi bí ìdajì pọ̀ sí i. Àwọn mìíràn a máa gé òrùka kan kúrò kí ó lè wọ ọkọ̀ wọn. Wọn kò mọ̀ pé bí ó ti ń kúrú ni ó ń le sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kàdúná ní ọdún 1975. Sípíríǹgì méjì ni ó wà lẹ́yìn èyí tí ó ní búùtù. Mẹ́rin ni ó wà lẹ́yìn èyí tí ìdí rẹ̀ gùn, tí a fi ń kó èrò lọ sí ìdálẹ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Nítorí náà, kí onímọ́tò tó sanwó, kí ó mọ irú ọkọ̀ tí ó ní gan-an, àti ẹrù tí ó ń rù lójoojúmọ́. Kí ó ra ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, kí ọkọ̀ má baà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti dípẹtà tàbí ó ti sán, kí ó sì gbé méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ó lè mọ̀ bóyá wọ́n ga bákan náà.

Wọn yóò wí pé owó kò sí. Òótọ́ ni, ẹni tí owó kún ọwọ́ rẹ̀ kì í sábà wa ọkọ̀ ogbó. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Èrò tí ó jókòó lẹ́yìn kò mọ ohun tí ó wà lábẹ́ àga rẹ̀. Ọwọ́ awakọ̀ ni ó fi ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ẹni tí a fi ẹ̀mí ṣọ́ kò gbọdọ̀ fi àbùjá ra ohun tí yóò gbé e ró.