Kọ̀ǹpútà Kò Gba Iṣẹ́ Onímọ̀ Ilẹ̀: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Òbí ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò láàrin wa, láti Bọ́ládé títí dé Òkè-Àfà, pé ohun tí kọ̀ǹpútà bá ti wí, ó parí. Ó ti wá kan ọ̀rọ̀ òkúta báyìí. Wọ́n ní kò sí ìdí tí ọmọ ènìyàn yóò tún fi kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀: kí a sáà ka èròjà òkúta sétí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sọ irú ibi tí ilẹ̀ ti bì í jáde. Irọ́ ni, ó sì ń da ọmọ wa láàmú.

Ohun tó jẹ́ òtítọ́ níbẹ̀ nìyí. Èèpo ilẹ̀ ayé pín sí awẹ́ ńláńlá tó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Òkè oníná lè bẹ́ níbi tí awẹ́ méjì ti ń ya ara wọn, níbi tí ọ̀kan ti ń rì sábẹ́ èkejì, tàbí láàrin awẹ́ kan ṣoṣo. Òkúta tó jáde níbì kọ̀ọ̀kan sì máa ń ní àmì tirẹ̀. Ní 1973, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Pearce àti Cann fi ìwọ̀n titanium, zirconium àti yttrium ya àtẹ tó ń dá wọn mọ̀. Petrelli àti Perugini gbé iṣẹ́ náà fún kọ̀ǹpútà ní 2016. Ueki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan tẹ̀ lé e ní 2018, wọ́n sì kọ́ ẹ̀rọ tiwọn ní ìsọ̀rí mẹ́jọ irú ibi tí òkúta oníná ti ń jáde. Iṣẹ́ gidi ni. Èmi kò bá a jà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo gíránáìtì tí típà ń já sẹ́bàá títì fún àwọn tó ń kọ́lé. Kì í ṣe ti Òṣòdì, torí iyanrìn àti amọ̀ la dúró lé. Ibi ìfọ́kúta ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Òkè oníná kọ́ ló bì í. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti tutù, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Bí ẹ bá wọn èròjà rẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ìsọ̀rí mẹ́jọ òkúta oníná nìkan ni wọ́n kọ́ ọ, yóò mú ọ̀kan nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fún yín. Yíyàn ni wọ́n ṣe é fún, kò sì mọ̀ pé wọ́n gbé àlejò wá.

Ta ló tilẹ̀ kọ́ ọ ní ìsọ̀rí wọ̀nyẹn? Ènìyàn ni. Wọ́n rí i pé òkúta kan ti Hawaii wá, wọ́n kọ ọ́ sí ti erékùṣù àárín òkun. Ó dára fún Hawaii. Tiwa ńkọ́? Ọ̀wọ́ òkè oníná Cameroon gùn ju 1,600 kìlómítà lọ: Annobón, São Tomé àti Príncipe wà lórí ilẹ̀ abẹ́ òkun, Òkè Cameroon tó bẹ́ ní 1999 àti 2000 wà ní etí òkun, apá kan ọ̀wọ́ náà sì wọ orílẹ̀-èdè wa, dé Biu ní Borno. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Fitton àti Dunlop yẹ básáltì, ìyẹn òkúta oníná ibẹ̀, ti inú òkun àti ti orí ilẹ̀, wò ní 1985, wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan láàrin wọn. Ọjọ́ orí àwọn òkè náà kò tún tò tẹ̀ léra bíi ti Hawaii. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó ń tì wọ́n jáde. Nígbà tí èròjà inú òkun àti ti orí ilẹ̀ rí bákan náà, kí ni ẹ̀rọ fẹ́ fi yà wọ́n? Ẹni tó gun òkè, tó rí bí òkúta ṣe dùbúlẹ̀ àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ló lè sọ ọ́.

FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀, ti ń ṣe ìwádìí ní Òṣòdì wa níbí láti 1956. Ó yẹ kí àwa mọ̀ pé èsì kan kò níyì ju ohun tí wọ́n fi dán an wò lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní ìmọ̀ ilẹ̀ lòun fẹ́ kọ́ ní Yunifásítì Èkó, ẹ jẹ́ kó lọ. Kó kọ́ kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìdáhùn ẹ̀rọ wá fún yín, ẹ bi í pé òkúta ibo ni wọ́n fi kọ́ ọ.