Kámẹ́rà, Orò àti Àpótí Ìbò

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọn kì í bínú sí ẹni tí ó pa irọ́ fún wọn, bí kò ṣe sí ẹni tí ó tú irọ́ náà. Àwọn ni ó ń pariwo pé kí ìjọba fi òfin de fíìmù aṣèwádìí tí ó bá ti kan ẹ̀sìn tàbí ìdìbò. Wọ́n ní ó ń tàbùkù ẹ̀sìn, ó sì lè da ìlú rú. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, BBC Africa Eye gbé fíìmù alápá mẹ́ta jáde lórí ìjọ T. B. Joshua ní Ìkòtún. Àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ rí fi ẹnu ara wọn ròyìn ohun tí wọ́n ní ojú àwọn rí níbẹ̀. Ìjọ náà sẹ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Wòlíì náà ti kú láti 2021, kò sì lè fọhùn fún ara rẹ̀. Àròyé yìí ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì tí mo gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn kì í ṣe pé òótọ́ ni tàbí pé irọ́ ni; pé kí a má fọwọ́ kan ẹni àmì òróró ni. Ilé àlejò ìjọ yìí kan náà wó ní 12 oṣù kẹsàn-án 2014, ènìyàn 116 ni ó bá a lọ. Àwọn òkú wọ̀nyí kò ha ní ẹ̀tọ́ kí a bèèrè nípa wọn bí?

A kò sọ pé gbogbo fíìmù bẹ́ẹ̀ ni ó mọ́. Ní 2015, bí ìdìbò ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, AIT gbé 'The Lion of Bourdillon' sáfẹ́fẹ́ nípa Bọ́lá Tinúbú. Tinúbú pè wọ́n lẹ́jọ́ fún 150 bílíọ̀nù náírà. Ẹni tí a bá bà lórúkọ jẹ́ ní ilé ẹjọ́ láti lọ, ibẹ̀ náà ni ó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ parí sí. Ohun tí a kọ̀ ni kí ìjọba di adájọ́, bí àjọ tí ń yẹ fíìmù wò ti ṣe ní 2013 nígbà tí wọ́n de 'Fuelling Poverty' ti Ishaya Bako, tí wọ́n ní ó lè dá rúkèrúdò sílẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ṣe irú rẹ̀ fún Ògúndé rí, lórí 'Yorùbá Ronú' ní 1964. Wọ́n pa ẹnu eré mọ́, wọn kò rí ẹnu ará ìlú pa mọ́: ìdìbò 1965 ni ó bí wẹ́tìẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wálé. Kò sí ẹni tí ó dàgbà ní Ìkòròdú tí kò mọ̀ pé ọjọ́ tí Orò bá jáde, obìnrin kì í rìn. Kí ìdìbò gómìnà 18 oṣù kẹta 2023 tó wáyé, ọ̀rọ̀ tàn ká Èkó pé a óò gbé Orò jáde. Ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́? Ta ni yóò jèrè rẹ̀? Ta ni ó torí rẹ̀ jókòó sílé? Àwọn kan yóò ní ẹni tí ó bá bèèrè wọ̀nyí ń bú Orò. Irọ́ ni. Ẹni tí ó sọ ohun tí baba wa bọ di ọlọ́dẹ olóṣèlú ni ó bú u. Kámẹ́rà kò ní iṣẹ́ kankan nínú igbó Orò, ẹni tí ó bá sì gbé e débẹ̀, kí ó má retí ìgbèjà lọ́wọ́ wa. Ibùdó ìdìbò tí ìlà obìnrin kò ti gùn ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, àti ẹnu ilẹ̀kùn tí a tì.

Ẹ̀pẹ́ ní tirẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi ju ti Ìkòròdú lọ. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó fi ṣe ibùjókòó pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ mùsùlùmí. Nígbà tí ó padà ní 1862, àdúgbò tí àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀ dó ni à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Níbẹ̀ ni Abíọ́lá dúró sí ní 11 oṣù kẹfà 1994 tí ó pe ara rẹ̀ ní ààrẹ. Mùsùlùmí ni òun àti Kingibe, síbẹ̀ onígbàgbọ́ tò sórí ìlà fún wọn ní 12 oṣù kẹfà 1993. Ní 2023, mùsùlùmí méjì tún jọ du ipò, orílẹ̀-èdè sì kún fún àríyànjiyàn ẹ̀sìn. Kí ni ó yí padà láàárín ọgbọ̀n ọdún? Ẹni tí ó pé ọdún 18 ní 1993 ti tó ẹni àádọ́ta. Àwọn tí wọ́n jẹ́ àgbà nígbà náà ń tán lọ, a kò sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.

A kò lè sọ pé a kò ní ọwọ́ tí yóò ṣe é. Àwọn ọmọdé tí à ń pè ní Ikorodu Bois fi ohun èlò ilé lásán ṣe àfarawé fíìmù òkèèrè títí Netflix fi fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí wọn ní 2020. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó fún Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ ní ọgbà ní Nọ́fọríjà, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan gbé ẹ̀rọ lọ bá àwọn àgbà Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, kí ó bi wọ́n ní èdè wọn, kí ìdìbò gbogbogbòò tí ń bọ̀ tó dé.