Kí Tòbí-Tọmọ Jọ Rìn: Oníkàn Kò Jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Èkó



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí kì í ṣe ti owó ilé-ẹ̀kọ́, kì í sì í ṣe ti ìnáwó wòlímọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti ojú àwọn ọmọ wa ni. Ọmọ tó ń kéwú lọ́dọ̀ wa yóò dárúkọ Mẹ́kà, Mẹ̀dínà, Bàgídádì àti Káírò fún yín láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ọmọ kan náà pé ta ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tó ń gbà kọjá lójoojúmọ́, tàbí pé kí ló wà nínú mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn, yóò kàn máa wo ojú yín ni. Ọ̀rọ̀ yìí kan àgbà ju ọmọ lọ, nítorí ọmọ kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ibi tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Èrò wa ni pé ó yẹ kí àwọn ìdílé tó ní ọmọ ní ilé-kéwú máa rin ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, kí a sì máa múra rẹ̀ sílẹ̀ bí a ti ń múra ìnáwó. Kí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ lọ. Bí olùkọ́ kan bá kó ọgọ́ta ọmọ sínú bọ́ọ̀sì, ariwo ni yóò pọ̀ jù lọ nínú ìrìn náà. Ọmọ á jẹ búrẹ́dì, á mu omi, á sì padà délé láìrántí nǹkan kan ju ọ̀bọ tó rí lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ yóò bèèrè ọ̀rọ̀. Bí ìyá kò bá mọ ìdáhùn, àwọn méjèèjì yóò jọ ka ohun tí wọ́n kọ mọ́ ara ògiri. Nígbà tí wọ́n bá sì délé, bàbá àgbà tó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ yóò gbọ́, òun náà yóò mú ìtàn tirẹ̀ jáde. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa

Ìrìn àkọ́kọ́ kò gba owó ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn ín ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kí a dúró níwájú Ìgà Ìdúngànràn, kí a sọ fún ọmọ pé oko ata Arómirẹ́ ni ibẹ̀ jẹ́ kó tó di ààfin ọba. Lẹ́yìn náà kí a rìn dé mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins. Mohammed Shitta, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sàró, ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894. Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Ọba Oyèékàn Kìíní wà níbẹ̀, Edward Blyden náà wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam, Gẹ̀ẹ́sì ará Liverpool tó gba Ìsìláàmù, wá ṣojú Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì, ẹni tó fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Ọ̀gá àwọn tó kọ́ ilé náà sì ni João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà.

Ọmọ tó ní làákàyè yóò bèèrè pé: báwo ni ọmọ ilẹ̀ wa ṣe dé Brazil tó fi ń jẹ́ da Costa? Ìbéèrè yẹn ni yóò gbé wa dé Badagry lọ́dún kejì, níbi tí wọ́n tọ́jú àwọn ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi ń de ẹrú sí agbo ilé Mobee. Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá pọ̀ lára àwọn tí wọ́n kó kọjá òkun. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, nínú oṣù àwẹ̀ Rámádánì, wọ́n dìde sí àwọn tó ń fi wọ́n ṣẹrú ní ìlú Salvador ní Bahia. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, èyí tí í ṣe Ìmàle tiwa gan-an. Àwọn ọlọ́pàá gba tírà àti ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ní èdè Lárúbáwá lọ́wọ́ wọn, ìjọba sì kó wọn pamọ́ bí ẹ̀rí ẹjọ́. Àwọn ìwé náà ṣì wà ní ilé tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìjọba sí ní Bahia títí di òní. Ẹ wò ó o! Ẹni tó dá wọn lẹ́jọ́ ló bá wa tọ́jú kéwú wọn. Ìwé tí àwọn Alfa àgbà fi tàdáwà kọ nínú ilé wa ní Èkó ńkọ́? Mélòó ni ikán kò tíì jẹ?

Ẹ jẹ́ kí a tún mú àwọn ọmọ dé gbàgede Tinúbú. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ilọ́jọ̀ Bar, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà láti ọdún 1855. Ìjọba ti kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ Àìkú, wọ́n wó o lulẹ̀. Òfin wà nílẹ̀, ilé lọ. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìwé ìjọba nìkan kò lè dáàbò bo ilé tí àwọn ará àdúgbò kò mọ iyì rẹ̀. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ kan ògiri Àgùdà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, tó sì mọ ìtàn rẹ̀, kò ní fi ọwọ́ lẹ́rán nígbà tó bá di àgbà tí wọ́n bá gbé katakata wá síwájú ilé bẹ́ẹ̀.

Oníkàn

Ìrìn kejì ni ti Oníkàn. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀. Kenneth Murray, Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ló ṣe akitiyan rẹ̀ kí àwọn ohun àtijọ́ wa má baà kó lọ sókè òkun tán. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ Mercedes dúdú wà, èyí tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní Èkó ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976. Ihò ọta wà lára ọkọ̀ náà. Àwọn ọmọ wa ti rí àwòrán rẹ̀ lára owó ogún náírà, wọ́n sì ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú. Ṣùgbọ́n níwájú ọkọ̀ yẹn ni wọn yóò ti mọ̀ pé olórí orílẹ̀-èdè kan ti wà tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárín ọkọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù láìkó ẹ̀ṣọ́ rẹpẹtẹ sẹ́yìn.

Orí amọ̀ kan tún wà lára àkójọ ilé náà tí wọ́n ń pè ní orí Jemaa, láti ọwọ́ àwọn ará Nok, tó ti lé ní 2,000 ọdún. Níbi tí wọ́n ti ń wa tánganran ni wọ́n ti hú u jáde. Ẹnì kan gbé e lọ sí oko iṣu, ó fi ṣe orí aṣọ́komásùn. Nǹkan bí ọdún kan ló fi ń lé ẹyẹ lóko kí ẹni tó mọ ohun tó jẹ́ tó rí i. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ìtàn yìí, kí wọ́n mọ̀ pé ohun iyebíye lè wà lẹ́yìnkùlé ẹni kí a má mọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, inú ọgbà mùsíọ́ọ̀mù yìí kan náà ni Nàìjíríà ti gba ohun ọnà 119 tí orílẹ̀-èdè Netherlands dá padà, lára èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní ààfin Bìní ní ọdún 1897. Nítòsí ibẹ̀ náà ni ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí wọ́n fi sọrí Dókítà John Randle wà, èyí tí olóògbé Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọminú

Àwọn kan nínú àwọn òbí wa ń sọ pé ère òrìṣà ló kún mùsíọ́ọ̀mù, pé kò yẹ kí Mùsùlùmí mú ọmọ débẹ̀. A kò fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn, nítorí ìgbàgbọ́ ọmọ kì í ṣe ohun à á fi ṣeré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn wò ló sìn. Nínú Súrà Àlí Ìmúrán aáyà 137, àti nínú Súrà Rúùmù aáyà 42, Ọlọ́hun pàṣẹ kí a rìn lórí ilẹ̀, kí a wo bí ìgbẹ̀yìn àwọn tó ṣáájú wa ti rí. Báwo ni a ó ṣe wò ó bí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ bá ti parẹ́? Abdul-Latif al-Baghdadi, oníṣègùn àti onímọ̀ ọmọ Bàgídádì, wà ní ilẹ̀ Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 1200. Ó kọ ìwé nípa àwọn ilé ńláńlá àti ère àwọn ará àtijọ́ níbẹ̀, ó yin ọgbọ́n àwọn tó gbẹ́ wọn, ó sì bẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ń bà wọ́n jẹ́ nítorí wíwá ìṣúra. Àlímù ni, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sì yẹ̀.

Ìbẹ̀rù àwọn òbí wọ̀nyí gan-an ló fi hàn pé tòbí-tọmọ ló yẹ kó jọ lọ. Ọmọ tó dá nìkan rí ère lè bẹ̀rù, ó sì lè fi ṣẹ̀sín. Èyí tí bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ yóò gbọ́ pé báyìí ni àwọn baba ńlá wa ṣe gbé ayé kí kéwú tó dé. Yóò gbọ́ pẹ̀lú pé àwọn aládùúgbò wa kan ṣì wà níbẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ bú ohun tí wọ́n ń sìn, nítorí Súrà Àn'áàm aáyà 108 kọ̀ ọ́ fún wa.

Igbó Lẹ́kì

Ìrìn kẹta ni ti ọgbà tí wọ́n ti ń dáàbò bo igbó àti ẹranko ní Lẹ́kì. Àwọn Nigerian Conservation Foundation ló ni ín. Olóyè Shafi Lawal Edu, Mùsùlùmí ọmọ Ẹ̀pẹ́, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1980. Ọdún 1990 ni ọgbà náà bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó hẹ́kítà 78. Ọ̀bọ, ọ̀nì, ẹja àti oríṣiríṣi ẹyẹ wà níbẹ̀. Afárá kan tún wà tí wọ́n so mọ́ òkè orí igi, tó gùn tó mítà 401, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2015.

Àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kò mọ ju kọnkéré, gọ́tà àti ọ̀dà lọ. Irà ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ Èkó tẹ́lẹ̀. Irà ló ń gba omi òjò mu. Ibi tí a bá ti fi yanrìn dí i, omi a máa wá ọ̀nà wọ inú ilé. Ọmọ tó bá rìn lórí pákó láàárín irà Lẹ́kì yóò mọ ohun tó ń fa àgbàrá ní ọ̀nà ilé rẹ̀. Súrà Gáṣíyà, tí àwọn ọmọ kéékèèké wa mọ̀ lórí, ń pè wá kí a wo bí a ṣe dá ràkúnmí, bí a ṣe gbé sánmà ró, bí a ṣe tẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ti kà á dáadáa. Ó kù kí a mú wọn lọ wò.

Bí a ó ṣe ṣètò rẹ̀

Èkíní, ọjọ́. Ọjọ́ Sátidé ló dára jù, yàtọ̀ sí oṣù àwẹ̀. Kí a jáde ní kùtùkùtù, kí a sì ti mọ ibi tí a ó ti kí ìrun Àílà kí a tó kúrò nílé. Kí ẹnì kan lọ ṣáájú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti bèèrè àkókò tí wọ́n ń ṣí, iye owó ìwọlé, àti ẹni tí yóò mú wa káàkiri. Ẹnu géètì kọ́ ni à á ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Èkejì, owó. A mọ̀ pé nǹkan le. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a ń dá fún wòlímọ̀ ọjọ́ kan, tí ọmọ kò ní lè wọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Bí a bá yọ díẹ̀ níbẹ̀, tí a sì ń dá a lóṣooṣù bí àjọ, owó ọkọ̀ àti ìwọlé yóò pé. Kí a dá ti àwọn ọmọ òrukàn mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sílé nítorí àìní.

Èkẹta, àbójútó. Kí àgbà kan máa mójú tó ọmọ márùn-ún, ó pẹ́ tán. Kí a kọ nọ́ńbà fóònù òbí sínú àpò ọmọ. Kí a gbé oúnjẹ láti ilé, ṣùgbọ́n kí a má ṣe yọ ọ́ níwájú ọ̀bọ, nítorí ọ̀bọ kì í tọrọ, ńṣe ló ń já a gbà.

Èkẹrin, iṣẹ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni o rí? Ta ló ṣe é? Bí ó bá parẹ́, kí ni a ó pàdánù? Kí àwọn kékeré ya àwòrán. Kí àwọn àgbà kọ ojú ewé kan ní Yorùbá àti ìlà mẹ́wàá ní Lárúbáwá. Nígbà náà ni matḥaf, qird àti timsāḥ yóò kúrò ní ọ̀rọ̀ àkàsórí, tí ọmọ yóò mọ̀ wọ́n bí mùsíọ́ọ̀mù, ọ̀bọ àti ọ̀nì tó fojú ara rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin òbí wa, kò sí ohun tí a ka sílẹ̀ yìí tó ju agbára wa lọ. Ìrìn àkọ́kọ́ kò ná wa ju omi mímu lọ. Àwọn àgbà tó mọ ìtàn ilé kọ̀ọ̀kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ń dín kù lọ́dọọdún, àwọn ilé náà sì ń wó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí wọn nígbà tí ẹni tó lè ṣàlàyé ṣì wà láyé. Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní ẹsẹ̀ ìrìn àti ojú ìríran, kó jẹ́ kí ìmọ̀ tí a ń fún àwọn ọmọ wa ṣe wọ́n ní àǹfààní láyé àti ní ọ̀run. Àmín.