Ta Ló Ni Orúkọ Ọjà?

Bí ẹ bá dé Lálúpọn tàbí Mọ́níyà, tí ẹ ní ẹ fẹ́ ra Omo, ìyá ọlọ́jà lè bi yín pé, "Èwo nínú wọn?" Gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ni Omo lẹ́nu wa. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ Unilever, tí ó ti wà ní Nàìjíríà láti 1923, kéde pé òun ń fi òwò Omo sílẹ̀ níbí. Orúkọ kò bá a lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé okòwò ka irú orúkọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọrọ̀ ilé-iṣẹ́. Èmi rí i pé ẹnu olùrà ló wà.

Gàrí Ìjẹ̀bú ńkọ́? Ó kúná, ó kan. Orúkọ náà ń tà á, kódà bí a kò yan án n'Íjẹ̀bú. Àwọn ìyá wa ní abúlé Akínyẹlé àti Lágelú ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n ń rin ín, wọ́n ń yan án nínú èéfín. Bí àpò bá dé Bódìjà, gàrí lásán ni, alájàpá ló jèrè. (Bẹ́ẹ̀ ajá pàápàá ní oríkì!)

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ó yẹ kí ẹnìkan nínú wa fi iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ bi àwọn olùrà ní Bódìjà ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó sanwó gàrí: àwọ̀ ni, kíkan ni, tàbí orúkọ.